Ẹ Bi Bọ̀dá Onísinimá: Fọ́tò Tí Ìyá Fà Ya

*Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wo Radiograph of a Family, tí obìnrin ará Ìránì kan ṣe nípa ìyá àti bàbá rẹ̀. Inú bí mi. Kí ló dé tí ọmọ á fi kó ọ̀rọ̀ yàrá òbí rẹ̀ síta? Mo sì tún gbọ́ pé àwọn òṣèré ló ń sọ ọ̀rọ̀ tọkọtaya náà. Ṣé ìyẹn ṣì ń jẹ́ dọ́kúmẹ́ńtárì?* (Inú Ń Bí Mi)

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún àwọn tí kò tíì wò ó. Firouzeh Khosrovani ló ṣe é. Ó jáde ní 2020, ó sì gba ẹ̀bùn tó ga jù ní àjọ̀dún dọ́kúmẹ́ńtárì ìlú Amsterdam lọ́dún yẹn. Hossein, bàbá rẹ̀, wà ní Swítsàlandì níbi tó ti ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán egungun àti inú ara. Nígbà tí wọ́n ń ṣègbéyàwó ní Tehran, ọkọ ò ráyè wá, fọ́tò rẹ̀ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Tayi, ìyàwó, wá lọ bá a ní Geneva. Ọkọ ò ka ẹ̀sìn sí. Ìyàwó ò fi ìrun rẹ̀ ṣeré.

Wọ́n padà sílé. Ní Tehran ni ọ̀rọ̀ Ali Shariati, olùkọ́ ẹlẹ́sìn Ìsìláàmù tí àwọn ọ̀dọ́ ń rọ́ lọ gbọ́, ti wọ Tayi lára. Nígbà tí ìjọba Shah, ọba Ìránì, wó ní oṣù Kejì ọdún 1979, tí àwọn ẹlẹ́sìn Ìsìláàmù sì gbàjọba, ẹni tó jẹ́ àlejò ní Geneva ti di onílé, ọkọ ló wá di àlejò nínú ilé ara rẹ̀. Nígbà náà ni Tayi kó àwọn fọ́tò tó yà láìborí jọ, ó sì fà wọ́n ya.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ ní yàrá òkùnkùn ilé fọ́tò kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé nípa sinimá, nítorí náà bébà ni ojú mi máa ń lọ bá. Fọ́tò dúdú-òun-funfun àtijọ́ nípọn. Kì í ya wẹ́rẹ́ bí ìwé ìròyìn. Ojú rẹ̀ á bó, etí funfun á yọ bí ìgbà tí èèpo ṣí lára igi. Ọwọ́ méjèèjì lèèyàn fi ń fà á, díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé ìbínú lásán ló ya àwọn fọ́tò yẹn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wo fíìmù náà. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀yìn bàbá ni mo wà gbágbágbá. Lẹ́ẹ̀kejì, mo bi ara mi léèrè pé lọ́jọ́ tí obìnrin yìí ṣí orí sílẹ̀ ní ìlú onílùú, ta ló bá a kẹ́dùn? Ọmọ wọn ò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Kámẹ́rà kàn ń rìn jẹ́jẹ́ nínú ilé kan ṣoṣo, ohun ọ̀ṣọ́ inú rẹ̀ ń yí padà bí ìlú ṣe ń yí. Ilé tí ọmọ náà gbé dàgbà ni, òun náà lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ohun tójú rẹ̀ rí níbẹ̀.

Ní ti àwọn òṣèré, Firouzeh kò tíì sáyé nígbà tí òbí rẹ̀ ń fẹ́ra. Lẹ́tà, fọ́tò àti ohun tí wọ́n sọ fún un ló ní lọ́wọ́; àárín wọn ṣófo. Ó ní kí òṣèré bá òun dí àlàfo náà. Èmi gbà á fún un. Tí ẹ̀yin ò bá gbà, a ò ní torí ẹ̀ jà.

*Ṣé Pásíà àti Ìránì kan náà ni?* (Akẹ́kọ̀ọ́)

Orílẹ̀-èdè kan náà ni. Ní 1935, Reza Shah, ọba ìgbà náà, ní kí àwọn ará òkèèrè máa lo Ìránì tí àwọn onílùú fúnra wọn ń lò. Ṣùgbọ́n Pásíà tún jẹ́ orúkọ ẹ̀yà kan, gbogbo ará Ìránì kọ́ ló sì jẹ́ ẹ̀yà náà o: Azeri wà, Kurd wà, Lur, Baloch, Turkmen àti Lárúbáwá náà wà níbẹ̀.

*Mi ò ráyè fíìmù gígùn. Èwo ni kí n wò?* (Òṣìṣẹ́ Alẹ́)

The House Is Black (Ilé Náà Dúdú). Kò tó ìdajì wákàtí. Akéwì ará Ìránì ni Forugh Farrokhzad tó ṣe é ní 1962, ní ibùdó àwọn alárùn ẹ̀tẹ̀ lẹ́bàá Tabriz. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà lọ́dọ̀ ọkọ tí wọ́n jọ kọra sílẹ̀. Wọn ò jẹ́ kó tọ́ ọ. Nígbà tó ń kúrò ní ibùdó náà, ó gba ọmọkùnrin kan lọ́wọ́ òbí rẹ̀ níbẹ̀, ó sì mú un lọ sílé. Ọdún 1967 ni jàǹbá mọ́tò pa á, ọmọ ọdún 32.

Ẹ ṣọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tó wà lápá ìparí. Olùkọ́ ní kí ẹnì kan fi “ilé” ṣe gbólóhùn. Ohun tó kọ ni wọ́n fi sọ fíìmù náà lórúkọ, ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó lẹ́bàá pátákó kó tó kọ ọ́.