Ṣé májèlé ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí àwọn àgbà ní ká má gbé mì?

Ẹnì kan béèrè pé kí ló dé tí àwọn àgbà fi máa ń jágbe mọ́ ọmọdé pé, "Tu ú dànù, má gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mì!" Ó ní ṣé ó lè pa èèyàn lára ni.

Rárá o. Kódà, bí ẹ ṣe ń ka èyí lọ́wọ́, ẹ ń gbé e mì. Tọ̀sán-tòru ló ń gun ọ̀nà èémí bọ̀ wá sókè láti inú ẹ̀dọ̀fóró, tó bá sì dé ọ̀fun, a ó gbé e mì láìfura. Omi kíkan inú ikùn á wá pa èyí tó pọ̀ jù nínú kòkòrò tó bá gbé wá. Ìgbà tó bá ki tàbí tó bá pọ̀ jù la tó ń mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn purotéènì gígùn kan tó ń jẹ́ mucin ló ń mú kó máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Eruku àti bakitéríà tá a bá fà símú á lẹ̀ mọ́ ọn, àwọn irun tín-ín-tìn-tín tó wà lára ọ̀nà èémí á sì máa gbá a lọ sókè. Irun wọ̀nyí ń jù fìrìfìrì, ó tó ìgbà 10 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èéfín sìgá ló ń bà wọ́n jẹ́, ẹni tó ti pẹ́ nídìí sìgá ò sì níṣẹ́ méjì láàárọ̀ ju ikọ́ lọ.

Àmọ́ kì í ṣe pé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kàn ń mú kòkòrò lẹ̀ nìkan, ó tún ń pa á. Ní 1921, ní Lọ́ńdọ̀nù, Alexander Fleming, dókítà kan tó ń ṣèwádìí nípa bakitéríà, mú ikun imú ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà, ó fi sínú abọ́ tí bakitéríà ti ń hù. Ibi tí ikun náà kàn, bakitéríà ibẹ̀ yọ́ dànù. (Penicillin, oògùn apakòkòrò tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, ó di 1928 kó tó rí i.) Purotéènì tó ṣiṣẹ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní lysozyme. Ńṣe ló ń gé ohun tó yí bakitéríà ká bí ògiri, títí á fi bẹ́. Ó wà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, omijé àti itọ́ pẹ̀lú. Òmíràn ni lactoferrin: ọ̀pọ̀ bakitéríà ò lè pọ̀ sí i láìrí irin jẹ, lactoferrin á sì ti kó irin yẹn pamọ́. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, nínú àwọn àpò afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró tí irun ò sí, purotéènì méjì tó ń jẹ́ SP-A àti SP-D á lẹ̀ mọ́ kòkòrò lára kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ kòkòrò lè tètè dá a mọ̀, kí wọ́n sì gbé e mì.

Tó bá wá di àwọ̀ ewé ńkọ́? Purotéènì kan tó ní irin nínú, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ń gbé wá sójú ìjà, ló ń fún un ní àwọ̀ yẹn. Fáírọ́ọ̀sì lásán náà lè fà á, torí náà ẹ má tìtorí ìyẹn sáré lọ ra àǹtíbáyọ́tíìkì ní kẹ́míìsì.

Lójú tèmi, ohun méjì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà. Èkíní, ó ń ríni lára. Èkejì, wọ́n ti rí ẹni tí ikọ́ ife, ìyẹn TB, gbẹ mọ́ra. Ìbẹ̀rù yẹn tọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbígbémì ló ń ràn án. Afẹ́fẹ́ ló ń gbà ràn, nígbà tí aláìsàn bá húkọ́.

Ọmọ kékeré ò tiẹ̀ mọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tu, ẹ má jágbe mọ́ ọn. Àwọn dókítà mọ̀ pé ó ti gbé e mì, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí wọ́n bá ń wá TB lára ọmọdé, wọ́n lè fa omi inú ikùn rẹ̀ láàárọ̀ kùtù tàbí kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò. Àgbàlagbà tí ikọ́ rẹ̀ bá ti pé ọ̀sẹ̀ 2, kó lọ ṣàyẹ̀wò TB ní ọsibítù. Ike kékeré ni wọ́n máa fún un, kó sì húkọ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ látàyà wá sínú rẹ̀, torí itọ́ ẹnu lásán ò ní wúlò fún àyẹ̀wò náà.