Èsì: Níbo ni blẹ́ńdà ti pọ́ọ́kú lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè o. Blẹ́ńdà tẹ́ ẹ fẹ́ rà lórí fóònù yẹn, ẹ kọ́kọ́ bèèrè iye ẹ̀ ní Ọjà Ọba ní Òṣogbo níbí, kẹ́ ẹ tó wá wò ó lórí Jumia àti Konga, torí àwọn sẹ́là kan á ti fowó lé ọjà kí wọ́n tó kọ ẹ̀dínwó sí i. Owó dẹlífìrì ńkọ́? Ẹ rò ó mọ́ ọn o! Ẹ ka ohun táwọn tó ti rà á kọ, pàápàá àwọn tó fún un ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo, èmi àwọn yẹn ni mo máa ń gbà gbọ́ jù. Tí ò bá jẹ́ kánjúkánjú, ẹ dúró de Black Friday, ìgbà tí wọ́n máa ń dín owó ọjà kù, ní November. Tí sẹ́là bá ní kẹ́ ẹ sanwó sákáǹtì òun lórí WhatsApp, ẹ sá jàre.