Bàtà Tí Oníbàárà Ò Tíì Fẹsẹ̀ Kàn: Ìdáhùn Sí Lẹ́tà Yín

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ bàtà ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà tó wọlé láti Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn tó ń ṣe sálúbàtà fúnra wọn, tí wọ́n fún un lórúkọ tiwọn, tí wọ́n sì ń tà á lórí WhatsApp àti Instagram, ń pọ̀ sí i. A mú mẹ́fà nínú lẹ́tà wọn. Ẹ ó rí i pé ibì kan náà ni ọ̀pọ̀ ìṣòro náà ti ṣẹ̀ wá: ẹni tó ń rajà ò sí nítòsí láti ki ẹsẹ̀ bọ bàtà wò kó tó sanwó.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Under G ni mò ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́, páàmù àti bàtà bíbò ni mò ń tà lórí WhatsApp. Oníbàárà á ní 42 lòun ń wọ̀, màá fi 42 ránṣẹ́, síbẹ̀ nínú mẹ́wàá, mẹ́ta á padà wá pé ó fún tàbí pé ó tóbi. Ẹ gbà mí o. (Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH)

Ẹ yé béèrè nọ́ńbà. Gígùn ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa béèrè. Nọ́ńbà tí oníbàárà pè fún yín, nọ́ńbà bàtà tó rà kẹ́yìn ni, òkìríkà sì lè ni bàtà ọ̀hún. Láàsì (ẹsẹ̀ onígi tàbí oníke tí ṣúmékà ń fa awọ lé) tí wọ́n fi ń ṣe bàtà ní Aba, láàsì Ítálì àti sóòlù tó ti Ṣáínà wá kì í bára mu, bí wọ́n tiẹ̀ kọ 42 sí gbogbo wọn.

Ẹ ní kó tẹ́ bébà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí simẹ́ńtì, kí etí bébà náà kan ògiri. Kó dúró lé e, kí gìgísẹ̀ kan ògiri, kó sì gbé gbogbo ara lé ẹsẹ̀ ọ̀hún, torí ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó máa ń kúrú ju ti ẹni tó dúró lọ. Kí ẹlòmíì bá a fàlà síbi tí ìka tó gùn jù dé. Ti àwọn kan, ìka kejì ló yọ ju àtàǹpàkò lọ. Ìrọ̀lẹ́ ló dáa jù láti wọ̀n ọ́n, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀ lẹ́yìn ìrìn ọjọ́. Kó wọn ẹsẹ̀ méjèèjì, kẹ́ ẹ sì lo èyí tó gùn jù. Kó wá fi rúlà lé ìlà náà, kó ya fọ́tò rẹ̀ fún yín. Ẹ má gba nọ́ńbà tó kàn tẹ̀ ránṣẹ́ lásán: ọ̀pọ̀ rúlà ló ní àyè díẹ̀ kó tó kan òdo, àwọn èèyàn míì sì máa ń bẹ̀rẹ̀ kíkà látorí 1. Sẹ̀ǹtímítà kan péré sì ju nọ́ńbà kan lọ.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Ẹ mú gígùn ẹsẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ fi 1.5 kún un kí ìka lè ráyè, kẹ́ ẹ wá sọ àpapọ̀ rẹ̀ di ìlọ́po 1.5. Ẹsẹ̀ tó gùn tó 26 á fún yín ní 41.25, nọ́ńbà 41 nìyẹn. Ẹsẹ̀ tó jẹ́ 27 á fún yín ní 42.75, ẹ gbé e sí 43. Ní ti ilẹ̀ Yúróòpù, nǹkan bíi mìlímítà 6.7 ló wà láàárín nọ́ńbà kan sí èkejì. Ní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8.5. Ìdí nìyẹn tí títúmọ̀ nọ́ńbà UK sórí tàwọn Yúróòpù láfojúdá fi máa ń ṣini lọ́nà. Bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó ń fẹ́ àyè sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níwájú. Páàmù ò fẹ́ tó bẹ́ẹ̀: ìdajì sẹ̀ǹtímítà níwájú, ìdajì lẹ́yìn, ó ti tó.

Fífẹ̀ ẹsẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Ẹ ní kó fi tépù yí ibi tó fẹ̀ jù ká, lẹ́yìn àwọn ìka. Bí ẹsẹ̀ bá fẹ̀, ẹ má torí ìyẹn gbé nọ́ńbà ńlá fún un o, gìgísẹ̀ á máa yọ níbi tó bá ti ń rìn. Ẹ sọ fún ṣúmékà yín kó lẹ awọ tín-ín-rín mọ́ ẹ̀gbẹ́ láàsì níbi tó fẹ̀ jù yẹn kó tó fa awọ òkè lé e. Tó bá jẹ́ páàmù, kó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan kún awọ tó máa dábùú ẹsẹ̀.

Láti òní lọ, ẹ kọ gígùn inú bàtà ní sẹ̀ǹtímítà sábẹ́ gbogbo fọ́tò tẹ́ ẹ bá gbé sórí status. Bàtà tẹ́ ẹ ní lọ́wọ́ gan-an ni kẹ́ ẹ wọ̀n, ẹ má da ìwọ̀n ẹlòmíì kọ.

Ṣúmékà ni mí ní Owódé, Ọ̀yọ́. Gọ́ọ̀mù tí mo ti ń lò látẹ̀yìn wá náà ni mò ń lò, àmọ́ sóòlù bàtà tí mo fi ránṣẹ́ sí Èkó àti Abuja ń ṣí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta. Ṣé wọ́n ti ń da gọ́ọ̀mù lú ni?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ sóòlù ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Gọ́ọ̀mù aláwọ̀ ìyeyè tí gbogbo wa mọ̀ máa ń mú awọ àti rọ́bà dáadáa. Kì í di PVC, irú ike kan tí wọ́n fi ń ṣe sóòlù, mú pẹ́. Òróró kan wà tí wọ́n fi ń mú PVC rọ̀ nílé iṣẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni òróró yẹn á máa sun jáde, á wọnú gọ́ọ̀mù, gọ́ọ̀mù á sì rọ̀. Ìdí nìyẹn tí bàtà fi máa ń le gbagidi lọ́jọ́ tó kúrò lọ́wọ́ yín, tó wá jẹ́ pé ọwọ́ oníbàárà ló ti máa ń ṣí.

Bẹ́ ẹ ṣe lè mọ PVC rèé. Ẹ bọ́ sí ìta gbangba, ẹ fi ẹ̀mú di wáyà bàbà tẹ́ ẹ ti bó mú, ẹ tì í bọnú iná títí á fi pọ́n, kẹ́ ẹ wá fi kan abẹ́ sóòlù kó lè bù díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ dá wáyà náà padà sínú iná. Bí iná náà bá yọ àwọ̀ ewé, PVC ni. Ẹ má fa èéfín rẹ̀ símú. Gọ́ọ̀mù PU ni PVC ń fẹ́, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fi MEK, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń nu ojú sóòlù, nu ojú rẹ̀ mọ́. Sóòlù TPR (tó rí bíi rọ́bà) àti EVA (tó fúyẹ́ bíi fóòmù) ń fẹ́ práímà tiwọn, ìyẹn omi tí wọ́n ń kọ́kọ́ fi pa ojú wọn, kí gọ́ọ̀mù tó kàn wọ́n. Ẹ bi ẹni tó ta sóòlù fún yín léèrè èyí tó bá a mu, kẹ́ ẹ sì dán an wò lára ẹyọ kan kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ìyókù.

Tó bá wá jẹ́ rọ́bà tàbí awọ, tó tún ń ṣí, á jẹ́ pé ọwọ́ yín ló ń yá jù. Ẹ fi sáńpépà ha ojú méjèèjì títí dídán rẹ̀ á fi lọ pátápátá. Lára awọ, ẹ ha á dé ibi tó ti rí hẹ́úhẹ́ú bí aṣọ òwú. Ẹ gbọn eruku rẹ̀ dànù, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ẹ fi gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa ojú méjèèjì. Awọ á fa ti àkọ́kọ́ mu, torí náà ẹ pa á lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ wá dúró fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ẹ fi ẹ̀yìn ìka kàn án: bó bá ń fa òwú, kò tíì yá, bó bá lẹ̀ mọ́ ìka díẹ̀ tí kò sì tẹ̀ lé e, ẹ pa wọ́n pọ̀. Bẹ́ ẹ bá pa wọ́n pọ̀ ní tútù, kẹ́míkà tó yẹ kó fẹ́ lọ á há sáàárín, kò sì ní dì mú láé. Ẹ fi òòlù lù ú látàárín lọ sétí kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀, omi inú afẹ́fẹ́ máa ń bà sórí gọ́ọ̀mù, á sì funfun bí ẹni pé wọ́n bu páúdà lé e. Ẹ fi iná yá a díẹ̀díẹ̀ kí funfun yẹn fi lọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí agolo gọ́ọ̀mù jìnnà sí iná.

Wákàtí 24 gbọ́dọ̀ pé kẹ́ ẹ tó kó o sínú páálí. Ọ̀pọ̀ bàtà orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló bà jẹ́ níbí yìí: oníbàárà ń kanjú, wọ́n parí bàtà láàárọ̀, ó wọ mọ́tò lọ́sàn-án, inú búùtù sì gbóná bí ààrò.

Mo ra odidi páálí sóòlù ní ẹ̀dínwó. Mi ò tíì lò wọ́n tí wọ́n fi ń fọ́ wúruwúru bí búrẹ́dì gbígbẹ. (Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́)

Sóòlù PU ni wọ́n, irú ike kan tó rí bíi fóòmù; gọ́ọ̀mù PU tá a mẹ́nu kàn lókè ọ̀tọ̀ ni. Ooru àti omi inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ PU díẹ̀díẹ̀ níbi tẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, ẹ wọ̀ ọ́ o, ẹ ò wọ̀ ọ́ o. Ọjà tó ti pẹ́ nílẹ̀ ni wọ́n tà fún yín lẹ́dìn-ínwó. Kò sí gọ́ọ̀mù tó lè wò ó sàn, ẹ kó wọn dànù. Nígbà míì, ẹ fi èékánná tẹ etí sóòlù kẹ́ ẹ tó sanwó: bí ojú èékánná ò bá padà, tàbí bó bá bù, ẹ fi sílẹ̀. Rọ́bà àti TPR ṣeé tọ́jú ju PU lọ.

Ọnà awọ ni iṣẹ́ ìdílé wa ní Ọ̀yọ́: àpò, tìmùtìmù, abẹ̀bẹ̀. Mo gbé ọnà náà sórí sálúbàtà, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn fọ́tò rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó kọ́kọ́ rà á ní àwọ̀ pupa rẹ̀ kùn òun lẹ́sẹ̀. (Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́)

Inú wa dùn sí lẹ́tà yìí púpọ̀. Bí Ọ̀yọ́ bá máa ní bàtà kan tí gbogbo ayé á fi mọ̀ ọ́n, lójú tiwa, èyí gan-an ni.

Bó bá jẹ́ pòròpórò ọkà bàbà lẹ fi pa á láró pupa, omi ló gbé àró yẹn wọnú awọ, òógùn sì lè gbé e jáde. Kò ṣe nǹkan kan lára abẹ̀bẹ̀, torí abẹ̀bẹ̀ kì í làágùn. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti pa á láró, ẹ ṣan awọ náà títí omi rẹ̀ á fi mọ́, ẹ sá a síbòji, kẹ́ ẹ wá fi ìda oyin tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ ra ojú rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó gé e, ẹ po iyọ̀ ṣíbí kékeré kan sínú ife omi, ẹ fi rin aṣọ funfun, kẹ́ ẹ fi nu ún nígbà 20. Bí aṣọ náà bá pọ́n, awọ yẹn ò tíì tó wọ̀.

Bó ti wù kó rí, ẹ má jẹ́ kí pupa kan ara. Òkè ni kí ọnà wà. Ibi tó máa kan ẹsẹ̀, ẹ fi awọ tí ẹ ò pa láró tẹ́ ẹ. Awọ ewúrẹ́ tún tín-ín-rín, ó sì máa ń fà. Bó bá dá nìkan wà, láàárín oṣù díẹ̀, ọnà yín á ti wọ́. Ẹ fi awọ màlúù tó nípọn tó mìlímítà 1.2 sí 1.5 gbè é lẹ́yìn kẹ́ ẹ tó rán an.

Ní ti fọ́tò, ẹ yà á lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, nínú ìbòji. Oòrùn ọ̀sán máa ń pa pupa dà, oníbàárà á sì sọ pé àwọ̀ tóun rí kọ́ nìyí. Ẹ ya ibi tí okùn àti awọ pélébé-pélébé ti pàdé ní tòsí débi tí wọ́n á lè ka ojú abẹ́rẹ́. Ojú abẹ́rẹ́ yẹn lẹ ń tà.

Mo ti fi orúkọ bàtà mi sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kan ní ìlú míì tún ń fi orúkọ yẹn ta bàtà lórí Instagram. Ṣé CAC á dá a dúró?

Orúkọ ilé iṣẹ́ ni CAC ń fi sílẹ̀. Àmì ìdámọ̀ ọjà (trademark) yàtọ̀ sí i, Abuja ni iléeṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ wà, lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́, òwò àti ìdókòwò. Ìsọ̀rí 25 ni aṣọ, bàtà àti fìlà wà. Ọdún 7 ni wọ́n kọ́kọ́ ń fúnni, lẹ́yìn náà, ọdún 14 ni ìsọdọ̀tun kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n bá yín wò ó bóyá ẹlòmíì ti gba orúkọ náà. Orúkọ tó kàn ń ṣàpèjúwe ọjà, tàbí tó jẹ́ orúkọ ìlú lásán, bíi “Awọ Ọ̀yọ́,” máa ń ṣòro láti gbà. Kí tàwọn ẹlòmíì má bàa kó bá yín, ẹ má fi àmì iléeṣẹ́ ńláńlá kankan sára bàtà yín, kódà bí oníbàárà bá bẹ̀ yín.

Owó ọwọ́ mi ò tó kó ọjà sílẹ̀. Ṣé mo lè polówó kí n tó rà? Báwo ni kí n sì ṣe bu iye lé e? (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí Zappos, iléeṣẹ́ tó ń ta bàtà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1999 nìyẹn: olùdásílẹ̀ rẹ̀ ń ya fọ́tò bàtà ní ṣọ́ọ̀bù, á gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìgbà tí ẹnì kan bá sanwó ló tó máa lọ rà á. Kì í ṣe èrè ló ń wá nígbà náà. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn èèyàn á ra bàtà tí wọn ò rí. Ẹ̀yin náà, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ olówó ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ sì rí i dájú lárààárọ̀ pé nọ́ńbà tẹ́ ẹ polówó ṣì wà nílẹ̀.

Ní ti iye, àpẹẹrẹ nìyí, ẹ fi iye ọjà tiyín rọ́pò rẹ̀. Awọ ₦4,000, sóòlù ₦2,500, awọ inú ₦800, gọ́ọ̀mù àti okùn ₦500, owó iṣẹ́ ₦3,000, páálí ₦700. Ó di ₦11,500. Ẹ fi ₦600 kún un fún dátà àti ìpolówó: ₦12,100. Bí ẹyọ kan nínú 20 bá máa ń bà jẹ́ tàbí kó padà wá, ẹ fi ₦605 kún un: ₦12,705. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí èrè jẹ́ ìdá 30 nínú 100 owó tó wọlé, ẹ fi 0.7 pín in, ẹ ó rí ₦18,150. Àwọn tó fi ìdá 30 kún ₦12,705 á tà á ní nǹkan bí ₦16,500, èrè wọn ò sì ní ju ìdá 23 lọ. Ibẹ̀ lowó ti ń jò.

Ẹ má kọ “kò sí ìdápadà owó” sójú ìwé yín. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, tọdún 2018, fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà. Ẹ wo owó nínú áàpù báńkì yín kẹ́ ẹ tó gbé bàtà jáde, torí ẹnikẹ́ni ló lè fi ayédèrú àláàtì ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ wébíìlì, ẹ ki bébà gbígbẹ sínú bàtà kó má bàa tẹ̀, ẹ ya fọ́tò páálí tẹ́ ẹ ti dì àti nọ́ńbà ọkọ̀, kẹ́ ẹ sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí oníbàárà pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù awakọ̀ kí mọ́tò tó kúrò ní gáréèjì.