Èsì: Ṣé àsíá lè sọ ọjọ́ orí máàpù òkun?

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ṣé èèyàn lè wo àsíá tí wọ́n yà sórí èbúté kó fi mọ ọdún tí wọ́n ya máàpù òkun àtijọ́. Ó lè ràn yín lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ ẹ má gbára lé e.

Ẹ wo èyí tí ayàmáàpù Angelino Dulcert yà ní erékùṣù Mallorca lọ́dún 1339. Ó fi àgbélébùú pupa lórí funfun sára Lanzarote, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù Canary. Àmì Genoa, ìlú èbúté kan ní Ítálì, nìyẹn, torí Lanzarotto Malocello tó débẹ̀, ọmọ Genoa ni. Kò burú. Àmọ́ àwọn ayàmáàpù tó tẹ̀ lé e ń da àmì yìí kọ ṣáá, kódà nígbà tí erékùṣù náà ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Castile ní Sípéènì tipẹ́tipẹ́!

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìlú kan tí àwọn Ottoman, ìjọba Mùsùlùmí ilẹ̀ Tọ́kì, ti gbà ṣe ń ta àsíá Kristẹni lórí máàpù. Lójú tèmi, àwọn oníbàárà ò fẹ́ rí òdìkejì rẹ̀ ni.

Ibi tí àsíá ti wúlò ni èyí: bí ẹ bá rí àsíá Ottoman lórí Constantinople (Istanbul òde òní), máàpù yẹn kò lè ṣáájú 1453, ọdún tí wọ́n gba ìlú náà. Ìgbà wo gan-an lẹ́yìn ìyẹn? Àsíá ò lè sọ ọ́.

Orúkọ etíkun ni kí ẹ tẹjú mọ́. Tàdáwà pupa ni wọ́n fi ń kọ ti èbúté ńlá, dúdú ni ti yòókù, ẹ ó sì rí orúkọ tuntun tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀ láti máàpù kan sí òmíràn; ìyẹn ló ń tọ́ka sí ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ gbé fọ́tò tiyín síbí ká jọ wò ó.