Àwọn ìyá ò sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mo wà, mo ń bá wọn tọ́jú ọmọ lẹ́yìn ìparí sùkúùlù níbì kan tó jẹ́ pé ọmọ àwọn ará Mẹ́síkò, Honduras àti El Salvador ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án sí méjìlá ni wọ́n kó fún mi pé kí n máa mú wọn ṣeré ìdárayá. Àwọn kéékèèké ń sáré dáadáa, àmọ́ tí wọ́n bá ti pé mọ́kànlá báyìí, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n á lọ jókòó sí, wọ́n á ní inú ń run àwọn, wọ́n á ní oòrùn pọ̀. Àwọn ìyá wọn ńkọ́? Inú mọ́tò ni wọ́n máa wà tí wọ́n á máa tẹ fóònù. Mo pín bébà fún wọn, mo tiẹ̀ kọ iye kàlórì sí i, ẹnì kan ò dá mi lóhùn. Ṣé ọ̀lẹ ni wọ́n ni?
Ìyá Ìbejì, Houston

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀lẹ kẹ̀? Ẹ gba ọ̀rọ̀ yẹn padà jọ̀ọ́. Obìnrin tó jí láago mẹ́rin ìdájí, tó ti fọ ilé onílé mẹ́ta tàbí tó ti dúró ní kíṣínì ilé oúnjẹ látàárọ̀, tó tún sáré wá gbé ọmọ, ìjókòó inú mọ́tò yẹn nìkan ni ìsinmi tó rí lọ́jọ́ náà, tó bá délé ìkòkò ló kàn. Tẹ́ ẹ bá sì yọjú wo ìjókòó ẹ̀yìn, ẹ lè bá ọmọ ọdún méjì tó ń sùn níbẹ̀, ibo lẹ fẹ́ kó gbé e sí kó tó wá máa fò sókè sódò?

Ti àwọn ọmọ yẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Mẹ́síkò tàbí Honduras nìkan. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi bí ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́ ṣe ohun tó máa mú un mí hẹlẹhẹlẹ, nígbà tí wọ́n sì ṣírò ti 2016 kárí ayé, nínú ọmọbìnrin 100 tó wà láàárín ọdún 11 sí 17, 85 ni kò ṣe tó bẹ́ẹ̀, tọkùnrin jẹ́ 78. Tiwa náà wà níbẹ̀ o. Ọmọ ọdún mọ́kànlá, ọyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, nǹkan oṣù lè bá a lójijì, ẹ wá ní kó máa sáré níwájú àwọn ọmọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù, inú á run ún lóòótọ́! Ẹ kó wọn wọlé, sí ibi tí wọ́n ti ń jẹun yẹn, ẹ ti tébù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹni tó bá fẹ́ wọ ṣòkòtò gígùn kó wọ̀ ọ́.

Bébà kàlórì yẹn, ẹ lọ jù ú nù. Ìyá lè máa pe ọmọ ẹ̀ ní gordita, ìfẹ́ ni, bí àwa náà ṣe ń pe ọmọ ní òròbó tá a sì ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ kí àlejò kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i, èébú nìyẹn. Súgà lẹ lè bá àwọn ìyá sọ, ní jẹ́jẹ́, torí CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìlera, sọ pé nínú àwọn Hispanic, ìyẹn àwọn tí ìdílé wọn ti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Spanish wá, ní Amẹ́ríkà ó ju ìdajì lọ tó ṣeé ṣe kó ní súgà irú kejì láyé wọn, bẹ́ẹ̀ bíi 40 nínú 100 ni ti gbogbo ará Amẹ́ríkà lápapọ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n náà, ìyá àgbà wà nílé tó ń gún ìka lábẹ́rẹ́ láràárọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ni pé kẹ́ ẹ má pe ọmọ láìpe ìyá, kí ìyá sì jẹ́ tíṣà. Ẹ wá ìyá kan tí àwọn yòókù ń gbọ́ tiẹ̀, kò síbi tí irú ẹ̀ ò sí, òun ni kó fohùn sórí WhatsApp ní Spanish pé ìṣẹ́jú ogún péré ni, kí wọ́n gbé ọmọ kékeré wá, kí wọ́n wá kọ́ àwọn ọmọ yìí ní ijó cumbia. Àwọn ọmọ yẹn, quinceañera ló wà lọ́kàn wọn, àríyá ọdún 15 tí ọmọbìnrin máa ń wọ gáùn rẹpẹtẹ bí ìyàwó, tó máa bá bàbá ẹ̀ jó, tóun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ á ti fi oṣù mélòó kan kọ́ ijó ẹ̀. Ṣé eré ìdárayá kọ́ nìyẹn?

Zumba, eré ìdárayá oníjó tí àwọn àǹtí wa ń sanwó fún l'Ékòó náà, Beto Pérez ọmọ Cali ní Colombia ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó gbàgbé kásẹ́ẹ̀tì orin tó fi ń kọ́ àwọn èèyàn ní eré ìdárayá sílé, ló bá fi orin salsa àti merengue tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ rọ́pò. Ní Bogotá, olú ìlú Colombia, láti 1974 ni wọ́n ti ń ti títì pa fún mọ́tò lọ́jọ́ Sọ́ńdè, láago méje àárọ̀ sí méjì ọ̀sán, títì ọ̀hún lé ní kìlómítà 120, ìyá, ọmọ, ìyá àgbà, ajá, gbogbo wọn á tú síta. (Ẹ má tìtorí èyí pe ará El Salvador ní ará Colombia o, á dùn wọ́n bí ìgbà tí wọ́n bá ní ará Ghana ni yín.)

Ẹ̀yin náà, ẹ yọ fèrè yẹn lẹ́nu. Ẹ wọ àárín wọn, kí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín pé ìdí yín ò mọ cumbia. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ìyá méjì lè sọ̀ kalẹ̀, méjì tó. Ọmọ tó bá ṣì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ má pariwo mọ́ ọn, ẹ gbé fóònù fún un kó máa yan orin, kó tó di orin kẹta ẹsẹ̀ ẹ̀ á ti máa jó nílẹ̀.