Èsì: Pápá àdúgbò tí wọ́n fẹ́ fi kọ́lé
Ẹ ní wọ́n fẹ́ sọ pápá àdúgbò yín di ilẹ̀ ilé gbígbé, ẹ sì ń béèrè bóyá ìwé ẹ̀hónú kan tí gbogbo yín fọwọ́ sí tó láti dá a dúró. Kò tó o. Kí kálukú kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, kó sì dé ọ́fíìsì ìjọba tó ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́ kí gbèdéke tó pé.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ pé iye owó tí ẹ lè ta ilé yín yóò wálẹ̀ sílẹ̀, wọn kì í sábà kà á sí. Omi òjò ni kí ẹ gbájú mọ́: ilẹ̀ koríko ń fa omi mu, sìmẹ́ńtì kì í fà á, àgbàrá yóò sì ya wọ ilé àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ẹ béèrè àbájáde àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lórí ìyẹn. Bí wọn ò bá ṣe é, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ dì mú.

Ẹ tún tọ́ka sí ilẹ̀ míì tó ṣeé kọ́lé sí, torí àìtó ilé kì í ṣe irọ́ (n ò fara mọ́ àwọn tí kì í fẹ́ ilé níbikíbi). Ní Berlin, lọ́dún 2014, ìbò ni ará ìlú fi dá ilé kíkọ́ dúró ní Tempelhof, pápá ọkọ̀ òfurufú àtijọ́. Ẹ wò ó bóyá òfin yín fàyè gba irú ìbò bẹ́ẹ̀.