Ṣé mo lè yọ dírọ́ọ̀mù bíréèkì ẹ̀yìn mọ́tò, kí n fi dísíìkì rọ́pò rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Toyota Corolla ọdún 2005 ni mò ń wà. Bíréèkì dísíìkì (irin pẹlẹbẹ tó ń bá táyà yí) ló wà níwájú, dírọ́ọ̀mù (irin tó rí bí ìlù) lẹ́yìn. Bí mo bá tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi máa ń rì jìnnà kó tó mú. Mo ti rí dísíìkì àti kálípà (ohun tó ń fún dísíìkì mú) tòkunbọ̀ ní Ládípò. Ṣé mo lè fúnra mi pààrọ̀ rẹ̀ nílé?

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má tíì sanwó. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe bíréèkì yín. Níbi tí mọ́tò ti dúró, ẹ fa hándíbíréèkì sókè díẹ̀, kí ẹ wá tẹ pẹ́dáàlì. Bó bá ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣúù ẹ̀yìn, èyí tó ń tẹ dírọ́ọ̀mù láti inú kó lè dúró, ló ti jìnnà sí i. Kí wọ́n sún un mọ́ ọn ló kù. Bó bá rọ̀ bíi tìmùtìmù, afẹ́fẹ́ ti wọ páìpù. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ lé e tó ń rọra rì lọ, tí kò sì síbi tó ń jò níta, ẹ fura sí rọ́bà inú másítà sílíńdà, ibi tí pẹ́dáàlì ti ń ti ọ́ìlì bíréèkì lọ sí táyà. Kò sí ìkankan nínú wọn tó nílò dísíìkì.

Bó bá jẹ́ dísíìkì náà lẹ ṣì fẹ́, ibi tí ewu wà rèé. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, ìwúwo mọ́tò á ṣí síwájú, ẹ̀yìn á fúyẹ́. Bí bíréèkì ẹ̀yìn bá wá mú jù, táyà ẹ̀yìn á há kí ti iwájú tó há, ìdí mọ́tò á sì yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, pàápàá lójú títì tí òjò rin. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń díwọ̀n agbára tó ń lọ sẹ́yìn, dírọ́ọ̀mù ni wọ́n sì díwọ̀n tiyín fún. Bí dírọ́ọ̀mù ṣe ń yí ló ń fa ṣúù mọ́ra, agbára díẹ̀ sì tó o. Dísíìkì kò ní irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ìwọ̀n ti dírọ́ọ̀mù lè má bá a mu. Kálípà sì lè gba ọ́ìlì bíréèkì ju èyí tí másítà sílíńdà yín lè tì lọ. Ẹsẹ̀ tí ẹ ní ó ń rì yẹn á wá rì jù báyìí lọ.

Nítorí náà, ẹ má ṣa á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan káàkiri ọjà. Corolla XRS ti 2005 àti 2006 ní dísíìkì lẹ́yìn láti ilé iṣẹ́. Ara mọ́tò kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ti kó gbogbo rẹ̀: họ́ọ̀bù (ibi tí wọ́n ń de táyà mọ́), ìdè kálípà, kálípà, họ́ọ̀sì, wáyà hándíbíréèkì, másítà sílíńdà. Hándíbíréèkì lọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Kálípà tí kò ní ọwọ́ tí wáyà rẹ̀ ń fà, tí dísíìkì rẹ̀ kò sì ní ṣúù kékeré nínú, kò lè di mọ́tò yín mú lórí òkè. Ẹ wo rímù náà. Kálípà lè máa ha rímù kékeré.

Ẹ gbé mọ́tò lé sítáǹdì, ẹ má fi sórí jáàkì nìkan. Ẹ má fẹnu tàbí afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku inú dírọ́ọ̀mù, torí asibẹ́sítọ́ọ̀sì lè wà nínú ṣúù àtijọ́. Ọ́ìlì bíréèkì tí a kò tíì ṣí rí ni kí ẹ lò, kí ẹ sì yọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ tán pátápátá. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tó mọ bíréèkì dájú yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ wá dán an wò díẹ̀díẹ̀ níbi tí kò séèyàn. Bí táyà ẹ̀yìn bá ṣáájú tiwájú há, ẹ má gbé e jáde sí títì rárá.